Ilé tó jẹ́ ti gbogbo ìlú: ohun tó wà nídìí àríyànjiyàn lórí àwọn ilé ìjọba ìlú tí wọ́n fi kọnkéré kọ́

Ní ìlú Dallas, ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ògiri iwájú rẹ̀ kò dúró ṣánṣán. Ó dà síwájú ní dígírì 34, bí àgbàlagbà tó tẹ̀ ba láti gbọ́ ohun tí ọmọdé ń sọ. Ẹni tó bá dúró lẹ́sẹ̀ ògiri náà lọ́jọ́ tí oòrùn mú, ó ti wà lábẹ́ ibòòji kó tó wọlé rárá. Ilé ìjọba ìlú Dallas nìyẹn. I. M. Pei, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí ní Ṣáínà tó wá di ọmọ Amẹ́ríkà, ló yàwòrán rẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i.

Lọ́dún 2025, ọ̀rọ̀ ilé náà di iṣu ata yán-an-yàn-an nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Omi ń jò wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ẹ̀rọ inú ilé ti gbó, owó àtúnṣe tí wọ́n ń dárúkọ sì ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là. Apá kan ní kí ìjọba kó jáde, kó lọ gba ọ́fíìsì sínú ilé alájà gíga kan láàárín ìlú, kí ilẹ̀ olówó gọbọi yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó máa kọ́ nǹkan míì síbẹ̀. Apá kejì yarí. Wọ́n ní ìjọba ló pa ilé náà tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì yẹ kí ìwà àìtọ́jú wá di ẹ̀rí tí wọ́n máa fi dájọ́ ikú fún un.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, torí Dallas nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1950 sí 1980, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ló kọ́ ilé ìjọba tuntun, kọnkéré ni wọ́n sì fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ilé yẹn ti ń tó ẹni àádọ́ta sí àádọ́rin ọdún báyìí, gbogbo wọn sì ń béèrè ìtọ́jú lásìkò kan náà. Àtúnṣe ni, àbí títà, àbí wíwó? Kí èèyàn tó lè dáhùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà fún.

Ẹni tó bá ní ẹjọ́ ló ń lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ló ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ilé ìjọba ìlú, kò sí irú ẹni tí kì í dé ibẹ̀. Bàbá tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ rẹ̀, àwọn méjì tó fẹ́ ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin, ìyá tó fẹ́ san owó orí ilé, ẹni tó fẹ́ gbàṣẹ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kòtò ojú ọ̀nà fọ́ táyà rẹ̀ tó wá fẹjọ́ sùn, gbogbo wọn ló ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan náà. Òkè orí wọn nínú ilé yẹn kan náà ni àwọn tí wọ́n dìbò yàn ti ń pinnu iye tí owó orí máa jẹ́ àti ọ̀nà tí wọ́n máa tún ṣe. Níwájú ilé náà, gbàgede wà. Bí inú àwọn ará ìlú bá ń dùn sí ìjọba tàbí tí wọ́n bá ń bínú sí i, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa gbé wọn lọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ilé kan ń ṣe: kí á wọlé gba ohun tó tọ́ sí wa, kí á gbọ́ ohùn wa níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin, kí á sì rí ibi péjọ. Tí ọ̀kan bá kùnà, ara ìlú á ti mọ̀ ọ́n lára.

Ìlú tó fi gbogbo èyí hàn jù lọ lójú tèmi ni Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, mo sì máa dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, Boston ń ṣàárẹ̀. Àwọn ará ìlú ń kó lọ sí ìgbèríko, àwọn ilé iṣẹ́ ń tì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ kọ́ ilé tuntun sáàárín ìlú. Méyọ̀ ìgbà náà, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, John Collins, pẹ̀lú Edward Logue tó jẹ́ olórí àjọ tó ń tún ìlú ṣe, pinnu pé ìjọba ni yóò kọ́kọ́ na owó kí àwọn yòókù tó lè tẹ̀ lé e. Wọ́n wó àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Scollay Square lulẹ̀ pátápátá. Ibi táwọn atukọ̀ ojú omi ti ń najú ni, ilé tíátà àti ilé ọtí kún ibẹ̀ dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn tó ń gbé, tó sì ń ṣòwò níbẹ̀. I. M. Pei kan náà tó padà lọ yàwòrán ti Dallas ló ṣètò bí ilẹ̀ náà ṣe máa rí. Ó fi ibi kan sílẹ̀ láàárín fún ilé ìjọba ìlú, wọ́n sì kéde ìdíje pé kí ayàwòrán ilé tó bá lágbára rẹ̀ mú àwòrán wá.

Àwòrán 256 ló wọlé. Lọ́dún 1962, ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè ni ti Gerhard Kallmann, Michael McKinnell àti Edward Knowles. Kallmann àti McKinnell jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia, McKinnell kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí wọ́n yà kò jọ ilé ìjọba kankan tí wọ́n ti rí rí ní Boston. Ilé ìjọba tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1865, dà bí ààfin kékeré kan ní Faransé. Tuntun yìí jẹ́ kọnkéré tí wọn kò kùn, tí ìlà pákó tí wọ́n fi dà á ṣì hàn lára rẹ̀. Irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Brutalism. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwà òkúrorò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ inú èdè Faransé lorúkọ náà ti jáde, níbi tí wọ́n ti ń pe kọnkéré tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà láìkùn ní «béton brut».

Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà fínnífínní, torí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Bíríkì pupa ni wọ́n tẹ́ sí gbàgede, bíríkì yẹn kò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó di ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ó sì tún gun òkè bí òkìtì. Ohun tí àwọn ayàwòrán fẹ́ sọ ni pé gbàgede ìlú àti inú ilé ìjọba, ilẹ̀ kan náà ni, pé ẹni tó ń rìn ní títì lè rìn wọlé ìjọba láìmọ ìgbà tó kọjá ààlà. Àwọn ọ́fíìsì tí èrò ń wọ́ lọ jù, bí ti owó orí àti ti ìwé ẹ̀rí, wà ní ìsàlẹ̀. Láàárín ilé náà ni ọ́fíìsì méyọ̀ àti iyàrá ìgbìmọ̀ wà, wọ́n sì yọ wọ́n síta bí àpótí kọnkéré ńláńlá tí ìrísí wọn kò dọ́gba, kí ẹni tó dúró sí gbàgede lè nawọ́ sí i pé, «Ẹ wò ó, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ṣòfin.» Lókè pátápátá ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà, lẹ́yìn fèrèsé kéékèèké tó tò lọ bẹẹrẹbẹ, tí gbogbo wọn jọra. Ara ilé náà gan-an ń ka ètò ìjọba fún ẹni tó ń wò ó: ará ìlú nísàlẹ̀, àwọn tí wọ́n dìbò yàn láàárín, àwọn akọ̀wé lókè. Èmi kò mọ ilé míì tó sọ ọ́ gbangba tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1969 ni wọ́n ṣí i. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ṣókùnkùn, ẹnu ọ̀nà kò rọrùn láti rí, èèyàn á máa yí po kó tó rí ọ́fíìsì tó ń wá. Gbàgede yẹn tóbi ju ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n lò sí. Nígbà òtútù, atẹ́gùn á máa fẹ́ gbalaja lórí bíríkì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí igi tí wọ́n lè sá sábẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kò lè dá kọjá. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n tó dára lórí ìwé lè di ìnira fún ẹsẹ̀. Bíríkì ní kí a máa wọlé bọ̀, atẹ́gùn àti àtẹ̀gùn ní kí a padà sílé.

Àmọ́ ìtàn ìlú náà kò dúró de kí gbàgede dára kó tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun pọ̀ mọ́ra ní ilé ẹ̀kọ́ Boston, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun sì fárí gá. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀ wà ní gbàgede náà. Agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú kan, Ted Landsmark, ń bọ̀ wá ṣèpàdé nínú ilé ìjọba ìlú. Wọ́n lù ú, ọ̀kan nínú wọn sì fi òpó tí àsíá Amẹ́ríkà wà lórí rẹ̀ kọ lù ú bí ẹni fẹ́ fi ọ̀kọ̀ gún èèyàn. Oníròyìn ayàwòrán Stanley Forman ya àwòrán rẹ̀, àwòrán náà sì gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn oníròyìn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1977. Landsmark kò sá kúrò ní ìlú náà. Ó padà ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìjọba ìlú nínú ilé yẹn kan náà, ó tún jẹ́ ààrẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ilé yíyà ní Boston. Lọ́dún 1976 tí wọ́n lù ú yìí kan náà, àwọn ayàwòrán ilé àti òpìtàn tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn ka ilé náà mọ́ àwọn tó dára jù lọ nínú gbogbo ìtàn Amẹ́ríkà. Ní 2008, ìkànnì àwọn arìnrìn-àjò kan sì fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé tó burẹ́wà jù láyé. Ilé kan náà ni o.

Nǹkan míì tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò: òpó àsíá. Mẹ́ta ló wà níwájú ilé náà. Àsíá orílẹ̀-èdè ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọ̀kan, ti ìpínlẹ̀ lórí èkejì, ti ìlú Boston lórí ẹ̀kẹta. Láti ọdún 2005 títí di 2017, ìjọba ìlú máa ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó bá ń ṣayẹyẹ níbẹ̀ sọ àsíá ìlú kalẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n ta tiwọn sókè. Àwọn àlejò tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ta àsíá ilẹ̀ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ta tiwọn. Ó tó ìgbà 284 tí wọ́n fọwọ́ sí i láìkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2017, ẹnì kan béèrè láti ta àsíá Kristẹni, ìjọba ìlú sì kọ̀ nítorí pé àsíá ẹ̀sìn ni. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án fohùn ṣọ̀kan pé Boston jẹ̀bi. Wọ́n ní bí ìlú bá ti ṣí òpó náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìbìkítà ohun tí wọ́n ń sọ lórí rẹ̀, ohùn ìjọba kọ́ ni àsíá yẹn mọ́, ohùn àwọn tó ta á ni, kò sì tọ́ kó yọ ẹnì kan sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: òpó irin kan níwájú ilé, ó di ìbéèrè nípa ta ló ni ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ́fíìsì tí wọ́n háyà nínú ilé alájà ọgbọ̀n lè gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ró.

Ní 2006, Méyọ̀ Thomas Menino dábàá pé kí wọ́n ta ilé náà, kí wọ́n lọ kọ́ tuntun sétí òkun ní South Boston. Ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, àbá náà sì wọlẹ̀. Àwọn ará ìlú kan ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ní 2007 pé kí òfin dáàbò bo ilé náà. Ó ku dẹ̀dẹ̀ kí ọdún 18 pé kí ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn tó so èso. Láàárín ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ àánú Getty fún ìlú lówó ní 2015 láti fi ṣèwádìí bí wọ́n ṣe lè tọ́jú kọnkéré rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2022, wọ́n ṣí gbàgede tí wọ́n ti fi mílíọ̀nù 95 dọ́là tún ṣe. Wọ́n gbin igi, wọ́n ṣe ibi ìṣeré ọmọdé, wọ́n sì sọ àtẹ̀gùn di ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Lóṣù Kìíní 2025, Méyọ̀ Michelle Wu fọwọ́ sí i kí ilé náà di ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtàn tí òfin ìlú ń dáàbò bò. Àwọn tó ń pe ilé náà ní èérí ṣì wà, mi ò bá wọn jà. Ohun tó jọ mí lójú ni pé wọn kò wó o nítorí àbùkù rẹ̀, àbùkù náà ni wọ́n lọ tún ṣe.

Toronto, ní Kánádà, kò la irú wàhálà yẹn kọjá, ìdí rẹ̀ sì wà níta ju inú lọ. Òun náà ṣe ìdíje, ó sì ṣí i fún gbogbo ayé. Àwòrán tó lé ní 500 ló wá láti orílẹ̀-èdè 42, Viljo Revell láti Finland ló sì borí lọ́dún 1958. Ilé gogoro méjì tó tẹ̀ kọrọdọ ló yà, wọ́n kọjú síra bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, iyàrá ìgbìmọ̀ sì jókòó sáàárín wọn bí àwo tí wọ́n dé. Ó ṣeni láàánú pé Revell kú lọ́dún 1964, ilé náà sì ṣí ní oṣù Kẹsàn-án 1965. Kò rí i.

Gbàgede iwájú rẹ̀, tí wọ́n fi sọrí Nathan Phillips tó jẹ́ méyọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ni mo fẹ́ kí Boston ti kọ́gbọ́n lára rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Omi wà láàárín rẹ̀ nígbà ooru. Tí òtútù bá dé, omi náà á di yìnyín, àwọn ọmọdé àti àgbà á máa fi bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀ níwájú fèrèsé méyọ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan í ṣe lọ́dọ̀ ìjọba náà ń rí ìdí láti wá síbẹ̀, ọjọ́ tó bá wá ní ẹjọ́ rò, ó ti mọ ọ̀nà. Ọwọ́ ará ìlú sì wà nínú bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ère kan tí Henry Moore ṣe síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ní owó ìjọba kò gbọdọ̀ rà á. Méyọ̀ Philip Givens bẹ àwọn èèyàn lówó, wọ́n dá a, wọ́n sì gbé ère náà kalẹ̀ lọ́dún 1966. Lọ́dún kan náà ló fìdí rẹmi nínú ìbò, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ère yẹn wà lára ohun tó gbé e ṣubú. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Nínú ilé náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè forúkọ sílẹ̀ kó bá ìgbìmọ̀ kéékèèké sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n sì sábà máa ń fún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún kéré. Síbẹ̀, ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó dìde lórí àga, tó ká ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ sí, tó ń wo aago iwájú rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, tí àwọn tó ní agbára láti ti ilé ìkàwé àdúgbò rẹ̀ sì jókòó ń wò ó lójú. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé náà nìyẹn. Èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà bá wọn sọ̀rọ̀ láti ilé lóde òní, ó sì dára fún aláìsàn àti ẹni tó wà níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti pa ohùn orí kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ ju kí èèyàn ní kí gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ dákẹ́ lọ.

Àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba kó lọ háyà ilé, ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé dà nù, torí owó orí ará ìlú ni wọ́n ń ṣírò. Àmọ́ kí wọ́n wo London. Ilé onígíláàsì roboto tí Norman Foster yà, tí wọ́n ṣí lẹ́bàá odò Thames lọ́dún 2002, di ohun tí ayé fi ń dá ìjọba ìlú náà mọ̀. Ìjọba kọ́ ló ni ín. Wọ́n háyà rẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di 2020 tí àrùn kòrónà ti gbọ́n àpò ìjọba gbẹ, owó ilé di ẹrù, Méyọ̀ Sadiq Khan sì kéde pé wọ́n máa kó jáde. Ní ìparí 2021, wọ́n kó lọ sí The Crystal ní Royal Docks, apá ìlà oòrùn ìlú, ilé tó jẹ́ tiwọn. Wọ́n ṣírò pé ohun tí àwọn máa fi pamọ́ láàárín ọdún márùn-ún lé ní mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn. Owó yẹn kì í ṣe kékeré, mo sì gbà pé ó tọ́ kí wọ́n kó lọ. Ṣùgbọ́n láti àárín gbùngbùn ìlú ni wọ́n ti kúrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tí gbogbo ayé mọ̀, lọ síbi tí èèyàn kì í ṣèèṣì gbà kọjá. Ẹlòmíì ló ni ilé tí ayé fi ń dá ìjọba wọn mọ̀. Ohun tí ilé ìháyà máa ń ṣe fún ìjọba ìlú nìyẹn: ọjọ́ tí ọwọ́ bá há, ọjọ́ náà ni ojúbọ ìlú máa ṣí nídìí.

Kí ló wá ń ṣe kọnkéré gan-an? Kọnkéré tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé yìí ní irin nínú bí ẹran ara ṣe ní egungun. Kọnkéré funra rẹ̀ máa ń fa omi díẹ̀díẹ̀ gba ojú ihò tín-ín-tín-ín. Tí omi bá dé ibi tí irin wà, irin á dípẹtà, ìpẹtà máa ń wú ju irin tó jẹ tẹ́lẹ̀ lọ, á sì máa ti kọnkéré látinú títí á fi sán, tí á máa já wálẹ̀ wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá tètè rí ibi tó sán, tí wọ́n dí i, tí wọ́n sì tún òrùlé àti ọ̀nà omi ṣe, ilé náà á pẹ́ láyé. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, owó tí wọn ì bá fi dí ihò á di owó tí wọ́n á fi tún ògiri ṣe. Lára àwọn ilé yìí, fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ìpele kan péré ni wọ́n lò, torí owó iná àti epo kò wọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn, ooru sì ń gba ibẹ̀ sá lọ nígbà òtútù.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kò sí òṣèlú tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó ń dí ojú ibi tí òrùlé ń jò. Ilé tuntun ni wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀. Nítorí náà, tí ìnáwó ìlú bá fún mọ́ wọn, ìtọ́jú ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kúrò, ọdún yìí, ọdún tó ń bọ̀, títí gbèsè ìtọ́jú á fi ga ju ilé lọ. Ìgbà náà ni wọ́n á gbé iye owó kan tó ń bani lẹ́rù síta, wọ́n á ní, «Ẹ ò rí i pé ilé yìí ti ju agbára wa lọ?» Tí wọ́n bá sì wó o, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi kọ́ ọ ti lọ gbé. Ṣíṣe sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń tú nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ̀n tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́, ilé tuntun sì máa béèrè sìmẹ́ǹtì tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Dallas. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá 1963, ìlú náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Ààrẹ John F. Kennedy, ọmọ agbègbè Boston. Orúkọ Dallas bàjẹ́ káàkiri ayé, wọ́n ń pè é ní ìlú ìkórìíra. Erik Jonsson, tó di méyọ̀ lọ́dún 1964, kó àwọn ará ìlú jọ láti jọ sọ irú ìlú tí wọ́n fẹ́ kí Dallas jẹ́, ilé ìjọba tuntun sì wà lára ohun tó jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Pei ní ilẹ̀ tí wọ́n fún òun kò tó, pé ilé náà nílò gbàgede níwájú kí ojú lè rí i, kí èèyàn sì lè péjọ síbẹ̀. Ìlú fi ilẹ̀ kún un, wọ́n sì ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí sábẹ́ gbàgede náà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí yìí kan náà lomi ń jò wọ̀ báyìí.

Tí mo bá jẹ́ ará Dallas, ìbéèrè tí màá bi ìgbìmọ̀ kò pọ̀. Nínú owó tí ẹ dárúkọ, èwo ni ti jíjò òrùlé àti ẹ̀rọ tó gbó, èwo sì ni ti ọ̀ṣọ́ tí ìlú lè fara dà láìní? Tí ẹ bá kó jáde, ta ló máa ni ilé tí ẹ kó lọ, iye ọdún wo sì ni ìwé àdéhùn rẹ̀? Ṣé ẹni tí kò ní mọ́tò lè dé ibẹ̀? Ṣé ẹ̀ṣọ́ ilé oníléélé ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà tí màá máa ṣàlàyé ara mi fún kí n tó lọ gbọ́ ohun tí àwọn tí mo dìbò yàn ń sọ? Nígbà tí inú bá ń bí wa, ibo la ti máa dúró?

Ọjọ́rú ni ìgbìmọ̀ ìlú Dallas máa ń ṣèpàdé. Àjà kẹfà ni iyàrá wọn wà, lókè ògiri tó dà síwájú yẹn. Ará ìlú tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á forúkọ sílẹ̀, wọ́n á pè é, á sì lọ dúró nídìí makirofóònù. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n ta ilé náà ń gòkè lọ síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe náà ń gòkè lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà títí yóò fi kan oníkálukú wọn.